Mílíìkì Tó Dọ̀bálẹ̀ Tẹ̀lé Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé mi wọ ilẹ̀: ọjọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ kí àna mi nínú súpámákẹ́ẹ̀tì, tí òkìtì agolo mílíìkì sì dọ̀bálẹ̀ tẹ̀lé mi. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ọmọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rí mi tí mo ń dá rẹ́rìn-ín nídìí tíì àárọ̀, wọn a ní, "Bàbá tún ti dé ibi mílíìkì." Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra mi, kí wọ́n tó bá mi sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Mo pẹ́ kí n tó lọ sílé ìwé. Oko ni bàbá mi kọ́kọ́ fi mí sí. Nígbà tí mo fi máa wọ kíláàsì kìn-ín-ní, irun ti ń hù lágbọ̀n mi, àwọn ọmọ tí a jọ jókòó sì máa ń kí mi ní "Ẹ káàárọ̀, sà" kí wọ́n tó rántí pé èmi kọ́ ni tíṣà. Nígbà tí mo fi máa jáde ní ilé ìwé módà, àwọn ẹgbẹ́ mi ti bímọ. Igbó-Ọrà ni a sì wà, àwọn mìíràn ti bí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan fẹ́ ṣí nílùú wa, pé wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀wé, tó sì ga tó láti mú ẹrù lórí pẹpẹ, mo ní Ọlọ́run ti rí mi. Mo ga. Gíga yẹn náà ló padà kó bá mi.

Súpámákẹ́ẹ̀tì ọ̀hún kò tóbi. Ṣùgbọ́n ó ní ilẹ̀kùn onígíláàsì, ó ní fírísà tó máa ń kùn yùnmùyùnmù látàárọ̀ dalẹ́, ó sì ní pẹpẹ tí a to sàdíìnì, bísíkíìtì, ṣúgà onígun àti bébà ilé ìyàgbẹ́ sí. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn, àwọn tíṣà àti àwọn àgùnbánirọ̀ ló ń rajà níbẹ̀. Àwọn ará ìlú yòókù kàn ń wá wo fírísà ni.

Màdáàmù ni à ń pe ẹni tó ni ín. Ọmọ Igbó-Ọrà ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀n, níbi tó ti ń bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ ní súpámákẹ́ẹ̀tì wọn, tó ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi lè wá ṣí tirẹ̀. Bó ṣe kó owó bọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló kó òfin bọ̀. A kò gbọ́dọ̀ jókòó. Láti aago méje àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú, ìdúró ni. Kò sí àga, kò sí àpótí, kò sí páálí tí ènìyàn lè fìdí lé. A kò gbọ́dọ̀ jẹun lójú oníbàárà, oníbàárà kì í sì í tán nínú ṣọ́ọ̀bù, bó tilẹ̀ jẹ́ fírísà ló wá wò. Ó ní kí télọ̀ rán gbogbo àpò yunifọ́ọ̀mù wa pa, kí agolo sàdíìnì má baà ṣèèṣì ṣubú sínú wọn. Agolo tó bá sì tẹ̀ lọ́wọ́ rẹ ti di tìrẹ: wọn á yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù rẹ, wọn á wá gbé e fún ọ bí ẹni ń fún ọ lẹ́bùn. Ráfíù, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, máa ń sọ pé òun nìkan lòun mọ̀ tó ń fi sàdíìnì jẹun lójoojúmọ́ tí ìdí ṣòkòtò rẹ̀ sì ń yọ́.

Owó oṣù náà ńkọ́? Náírà méjìdínlógún. Ẹni tó ń ta ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà ń rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ẹ̀gẹ́ kò ní táì. Àwa ní táì, pupa fòò, lórí ẹ̀wù funfun àti ṣòkòtò funfun. Bí mo bá ń kọjá lọ́jà, àwọn ènìyàn a máa kí mi, "Ọ̀gá súpámákẹ́ẹ̀tì! A ò lè rí yín bá sọ̀rọ̀ mọ́!" N kò ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ a máa jèrè rẹ̀ nígbà mìíràn.

Òfin tó wá le jù ni ti ìdọ̀bálẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, bí àgbàlagbà bá ti wọlé, a ó ti wà nílẹ̀, èmi àti Ráfíù. Màdáàmù wò wá fún bí ọjọ́ mélòó kan, ó sì bú jáde.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ń fi aṣọ funfun nu ilẹ̀ fún mi! Ẹ dúró, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ ní 'Wẹ́ẹ̀kọ́ọ̀mù, sà.' Ẹni tí mo bá tún rí nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, kó má wulẹ̀ dìde mọ́. Kó máa rá lọ sílé bẹ́ẹ̀."

Ká sòótọ́, ó ní ìdí. Nílùú tó jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá wọlé jẹ́ àbúrò bàbá rẹ tàbí ọ̀rẹ́ ìyá rẹ, àyà ni òṣìṣẹ́ yóò fi máa ṣiṣẹ́.

Ní àsìkò yẹn, mo ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Ìdèrè. Àdùkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń kọ́. Kò tí ì mọ̀ ọ́n rán dáadáa, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbé aṣọ gidi lé e lọ́wọ́, ló bá fi àpò fúláwà rán ṣòkòtò péńpé kan fún mi, èyí tí ènìyàn ń wọ̀ sábẹ́. Ìwé tí àwọn oníleéṣẹ́ tẹ̀ sára àpò náà kò parẹ́ nígbà tó fọ̀ ọ́. Ó ní, "Ta ló fẹ́ rí i?" Èmi náà ní, "Àbí?"

Bàbá rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Àdùkẹ́, jẹ́ àgbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ó kúrú, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ohun méjì péré ló ń wá lára ọkọ ọmọ: kó mọ oko ro, kó sì mọ àgbà kí. Nígbà tí ó ní kí n kó àwọn ẹgbẹ́ mi wá bá òun ṣe ọ̀wẹ̀ lóko ẹ̀gúsí, bí àna ti máa ń ṣe, mo tọrọ àyè ọjọ́ kan lọ́wọ́ Màdáàmù. Ó ní, "Ọ̀wẹ̀ ta? Ṣé òun ló ń san owó oṣù fún ẹ?" Àwọn ẹgbẹ́ mi lọ. Wọ́n ro oko, wọ́n jẹ iyán, wọ́n mu ẹmu, wọ́n sì bá mi kí àna mi. Èmi tí mo ni àna nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Bàbá wá wò mí lẹ́nu iṣẹ́ láti mọ ohun tó dè mí mọ́lẹ̀. Nígbà tó wọlé, Màdáàmù wà lẹ́yìn mi gan-an. Mo na tàntàn, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Wẹ́ẹ̀kọ́ọ̀mù, sà." Bàbá wò mí láti orí táì dé bàtà.  Ó yí padà, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Àdùkẹ́ dé.

"Kí lo ṣe fún bàbá mi?"

"Mo kí wọn ni."

"Báwo lo ṣe kí wọn?"

"Lóyìnbó."

"Lóòró?"

"Òfin ibẹ̀ ni."

Ó káwọ́ lé orí. "Wọ́n délé, wọ́n ní àwọn lọ kí òpó kan ní Igbó-Ọrà, òpó náà sì dá àwọn lóhùn. Wọ́n ní ẹnìkan wà ní ìlú Tápà níbí tó ti ń bẹ àwọn tipẹ́ nítorí mi, tó jẹ́ pé láti ìta ló ti ń dọ̀bálẹ̀ bọ̀. Mo sunkún, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn á tún wá ra ṣúgà lọ́jọ́ ọjà. Bí o bá tún dúró bí òpó, ó ti parí nìyẹn o, Tápà ni mò ń lọ."

"Bí mo bá dọ̀bálẹ̀, Màdáàmù á lé mi. Bí wọ́n bá lé mi, kí ni n óò fi san ìdána?"

Àdùkẹ́ wò mí, ó ní, "Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ tèmi. Ìwọ lo lọ sílé ìwé."

Mo fi gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nílé ìwé ro ọ̀rọ̀ náà. Inú ṣọ́ọ̀bù ni Màdáàmù sọ pé òun kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni nílẹ̀, kò mẹ́nu ba ìta. Bàbá Àdùkẹ́ sì ní kẹ̀kẹ́ kan tí agogo rẹ̀ máa ń dún kirin-kirin láti òkèèrè. Bí mo bá ti gbọ́ agogo, n óò sáré jáde, n óò dọ̀bálẹ̀ fún un níta, n óò sì ti padà dé ẹ̀yìn pẹpẹ kí Màdáàmù tó gbójú sókè. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ mi débi pé mo sùn wọra.

Ọjọ́ ọjà mọ́. Ṣòkòtò yunifọ́ọ̀mù tí mo fọ̀ nírọ̀lẹ́ kò gbẹ. Mo sáré lọ yá ọ̀kan lọ́wọ́ Ráfíù. Ráfíù kò ga, kò sì sanra. Ṣòkòtò náà dúró lókè kókósẹ̀ mi, ó sì fún mi nídìí tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń mí lápá kan.

"Má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ o," ni Ráfíù wí. "Má sín. Bí o bá fẹ́ wúkọ́, kí o kọ́kọ́ pè mí."

Mo dé ibi iṣẹ́, mo bá mílíìkì tí ọkọ̀ já sílẹ̀, páálí lórí páálí. Màdáàmù ní kí n tò ó sí àárín gbùngbùn, ní ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà, kó fẹ̀ nísàlẹ̀, kó rí ṣóńṣó lókè. Ó ní bí wọ́n ti ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀n nìyẹn. Mo ń tò ó láìbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ráfíù ti pàṣẹ. Ńṣe ni mò ń kúnlẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Nígbà tó yá, òkìtì náà ga jù mí lọ. Màdáàmù yí i po, ó ní, "O ṣeun." Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò yìn mí nìyẹn. Orí mi wú. N kò rántí mọ́ pé agolo tó bá tẹ̀, tèmi ni.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ọ: kirin-kirin!

Mo ju páálí tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, mo sáré jáde, mo rí táyà kẹ̀kẹ́, n kò sì wo òkè. Mo di ojú, mo rọra fi ara lélẹ̀ nítorí ṣòkòtò, mo ní, "Bàbá, ẹ kú àbọ̀ o! Ẹ kú ìrìn! Ẹ kú oko!"

Mo gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ ṣubú. Mo gbọ́ tí ènìyàn ṣubú tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo la ojú, ojú kan ń wò mí láti ilẹ̀ níbẹ̀, tòun ti eruku. Àgùnbánirọ̀ ni, ọmọdékùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tí ì pé ogún, tí wọ́n gbé wá láti ọ̀nà jíjìn. Ó dàbí ẹni pé wọ́n ti kì í nílọ̀ pé bí Yorùbá bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ, kí o má dúró wò ó. Òun náà ti na gbalaja.

"Ẹ káàárọ̀, sà!" ló wí. Ọ̀sán ti pọ́n.

Mo ń dúró kó dìde. Òun náà ń dúró kí n dìde. Àwọn obìnrin méjì tó ń ti ọjà bọ̀ dúró lé wa lórí.

"Kí ni wọ́n ń wá?"

"Ó jọ pé owó wọn ló bọ́ sílẹ̀."

Kó tó di pé àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa wá a, mo rí bàtà gogoro Màdáàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Mo fò dìde. Ìlérí tí ṣòkòtò Ráfíù ṣe pé òun kò ní ya ṣì dúró. Màdáàmù wò mí, ó wo amọ̀ pupa tó wà láyà ẹ̀wù mi.

"Níta ni mo ti bá ọ," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "N óò ṣe bí ẹni tí kò rí i. Inú ilé ńkọ́, o mọ ohun tí mo sọ."

Ọgbọ́n ilé ìwé tán nìyẹn. Àgùnbánirọ̀ ra bébà ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀, ó tẹrí ba fún mi, ó lọ. Títí tó fi sin ìlú tán, bó bá ti rí mi lọ́jà, ilẹ̀ ló ń kọrí sí. N kò rí bí mo ṣe lè là á yé e.

Mo padà sídìí òkìtì. Mo gun orí páálí, mo fi agolo tó kẹ́yìn dé e lórí, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì kẹ́yìn sí i láti sinmi èémí. Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá Àdùkẹ́ ni. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ já lójú ọ̀nà, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn ín dé, tó ń ti kẹ̀kẹ́. Ta ni yóò lu agogo kẹ̀kẹ́ tó ń tì? Òógùn bò ó, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, kò sì sí ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀. Ó dúró síwájú mi. Màdáàmù wà lẹ́yìn káńtà, ó kó ọwọ́ pọ̀ sí àyà. Bàbá ń wò mí. Màdáàmù ń wò mí. Ráfíù fi ọwọ́ bo ojú.

Ó wù mí kí n sọ pé mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, pé mo fi ìyàwó wé iṣẹ́, mo sì yan ìyàwó bí akọni. Irọ́ ni. Orúnkún mi ló pinnu. Mo kàn wo iwájú, mo rí i pé àyè gbà mí, mo sì na gbọnrangandan sílẹ̀.

Iwájú nìkan ni mo wò. Ẹni tó ga bíi tèmi ní ẹ̀yìn pẹ̀lú. Bí mo ti ń na ara lọ, ṣòkòtò Ráfíù sọ̀rọ̀, ó ní fàáà, láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì kan agolo ìsàlẹ̀ òkìtì, tó sì tì wọ́n wọlé.

 Mo gbọ́ kọ́. Mo tún gbọ́ kọ́-kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni òjò mílíìkì bẹ̀rẹ̀ lórí mi, láti gìgísẹ̀ dé ìpàkọ́. Èyí tó fẹ́ lu fírísà lu fírísà. Èyí tó fẹ́ lọ sọ́jà gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ọ̀kan rọra ń yí bọ̀, ó yí, ó yí, ó sì dúró síwájú bàtà àna mi.

"Ẹ kú àbọ̀ o, Bàbá," ni mo wí láti abẹ́ mílíìkì.

"Dìde níbẹ̀ yẹn!" Màdáàmù pariwo.

N kò dìde. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àna kì í dá ara rẹ̀ dìde. Àna ló ń ní kó dìde, àna mi kò sì tí ì sọ nǹkan kan. Bí mo bá dìde báyìí, òpó náà ni mo jẹ́. Bí n kò bá dìde, ó dilé.

"Ta ló ní kó dìde?" ni Bàbá bèèrè.

"Èmi ni. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù."

"Ìwọ lo ni ṣọ́ọ̀bù. Ta ló ni ìdọ̀bálẹ̀?"

 Àwọn ènìyàn ti kún ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi, kékeré, bí ẹni tó ń gbìyànjú láti gbé e mì. Ráfíù ni. Ọ̀rẹ́ tí mo ní láyé yìí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ìdí mi, ó sì túmọ̀ òyìnbó tí wọ́n kọ sára àpò fúláwà tó ti yọ síta fún gbogbo ìlú.

"Wọ́n ní kí ẹ má fi ìkọ́ gbé e o!"

Ilé wó fún ẹ̀rín. Bàbá Àdùkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yí mi po lọ sẹ́yìn. Ó tẹjú mọ́ ojú ìránṣọ àpò fúláwà náà.

"Òwú aláwọ̀ ewé yìí," ló wí, "èmi ni mo rà á. Àdùkẹ́ ni mo rà á fún. Ta ló rán nǹkan yìí fún ẹ?"

Mo fi iwájú orí kan ilẹ̀. "Àdùkẹ́ ni, sà."

"Láìtíì san ìdána?"

"Ó fi ń kọ́ṣẹ́ ni, sà."

"Ìdí rẹ ló fi ń kọ́ṣẹ́?"

 Bàbá yí padà wá sí iwájú mi, ó lóṣòó.

"Èló ni wọ́n ń san fún ẹ níbí?"

Mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Sọ ọ́ sókè."

"Náírà méjìdínlógún lóṣù, sà."

"Háà! Ọ̀gá súpámákẹ́ẹ̀tì!" obìnrin kan kígbe lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ jọ ti ẹni tó sábà máa ń kí mi lọ́jà.

"Ìyẹn náà ni wọ́n fi so okùn mọ́ ọ lọ́rùn bí ewúrẹ́?" Bàbá fi ìka gbé táì mi sókè, ó tún jù ú sílẹ̀. "Ìgbà wo lo ń jókòó?"

"A kì í jókòó, sà."

"Ìgbà wo lo ń lọ sóko?"

"A kì í lọ, sà."

"Wọn ò sì jẹ́ kí o dọ̀bálẹ̀. Ìdúró nìkan. N ò tètè mọ̀ pé òpó ni wọ́n fi ẹ́ ṣe lóòótọ́."

Bàtà gogoro Màdáàmù sún mọ́ wa. Ìsàlẹ̀ ni mo wà, ẹsẹ̀ ènìyàn nìkan ni mò ń rí.

"Bàbá, bí èmi náà ti ṣe é ní Lọ́ńdọ̀n nìyẹn," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó."

"Ó dùn mọ́ ẹ?"

 Mo rí i tó fi ẹsẹ̀ kan ra ìkejì ní kókósẹ̀, bí ẹsẹ̀ tó rántí nǹkan.

"Ọmọ ta ni ẹ́ nílùú yìí?" Bàbá bèèrè.

Ó sọ orúkọ agbo ilé wọn.

"Ìyá rẹ kọ́ ló ń ta iyọ̀? Obìnrin gíga yẹn? Gbèsè iyọ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn mi nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́, kò fi ọjọ́ kan dójú tì mí níwájú ènìyàn."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo rí i pẹ̀lú ojú mi, nítorí pé ọ̀gangan ibẹ̀ ni ojú mi wà: orúnkún tó ti Lọ́ńdọ̀n dé kan ilẹ̀ láàárín agolo. "Ẹ káàbọ̀, sà," ni Màdáàmù wí. Èmi àti orúnkún rẹ̀ wá ń wo ara wa, ojú ń ti àwa méjèèjì.

Bàbá dìde dúró. Ó mí kanlẹ̀.

"Ìwọ, dìde. Ta ni n óò tún fi ọmọ yẹn fún? Ará Tápà? Kí ó lọ máa wọ ṣòkòtò tí wọ́n fi ìdí ẹlòmíràn wọ̀n? Ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi. Àmọ́ koríko ṣì wà lóko ẹ̀gúsí mi o."

Mo dìde, mo fi páálí bísíkíìtì bo ẹ̀yìn. Bàbá ra ṣúgà rẹ̀. Ó san owó tán, ó ní èènì òun dà? Màdáàmù ní súpámákẹ́ẹ̀tì kì í fún ènìyàn ní èènì. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó mú agolo mílíìkì tó wà níwájú bàtà rẹ̀, ó fi í sápò, ó sì ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Màdáàmù kò lé mi. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya agolo tó tẹ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n pọ̀. Lọ́jọ́ kejì, a bá àga kan lẹ́yìn káńtà. Èmi àti Ráfíù wo ara wa, inú wa dùn, a ní ọ̀rọ̀ Bàbá ti wọ̀ ọ́ lára. Ó wọ̀ ọ́ lára lóòótọ́. Màdáàmù ló jókòó lé e.

Títí oṣù méjì, mílíìkì ni mo gbà lówó oṣù. Mo ra ṣòkòtò tuntun fún Ráfíù, ìyẹn ni pé mo fún un ní mílíìkì títí ó fi ní ó tó. Nígbà tí ọjọ́ ìdána pé, n kò ní owó tó tó nǹkan. Àwọn ẹgbẹ́ mi bá mi ru páálí mílíìkì lé iṣu àti obì lórí, a lọ sí Ìdèrè. Àwọn àgbààgbà ilé ṣí páálí, wọ́n ń yí agolo wò. Ọ̀kan tẹ̀ nídìí, ọ̀kan tẹ̀ lórí, ọ̀kan dà bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Kí ló ṣe mílíìkì yìí?" ni ọ̀kan nínú wọn bèèrè.

"Ó kí mi ni," Bàbá Àdùkẹ́ dá a lóhùn. "Ẹ gbé e wọlé."

N kò pẹ́ níbi iṣẹ́ náà mọ́. Mo ro oko ẹ̀gúsí àna mi tán, mo sì wá iṣẹ́ akọ̀wé sí ibi tí àga wà. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju méjì lọ. Ẹ má bínú sí ẹni tó bá kí yín lóòró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n jẹ́ kó jókòó. Ìkejì, bí ẹ bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àna, kí ẹ wo ẹ̀yìn yín kí ẹ tó wo iwájú.

Àdùkẹ́ ti lọ, ó di ọdún kẹta. Nígbà àìsàn rẹ̀, tíì nìkan ni ẹnu rẹ̀ ń gbà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí agolo mílíìkì tuntun lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀. Ó ní kí n gbé e wá. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, pẹ̀lú ọwọ́ tí kò lágbára mọ́.

"Èyí ò tẹ̀," ló wí. "Ta lo tún lọ kí lóòró?"

A rẹ́rìn-ín títí tíì fi tutù. Mo ṣì ń mu tíì mi ní tútù.